Oníbodè Tí Kì Í Jẹ Púpọ̀

Ìyá Ọdúnlámì ò gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà ọyẹ́ èṣí.
Ẹ̀rọ etí ń bẹ ní Kùtọnu,
owó rẹ̀ tó ra màlúù.
Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta.

Pílì fóltì mẹ́sàn-án, méjì.
Mo so ìdí ọ̀kan mọ́ orí èkejì,
ibi tí wọ́n ti pàdé ni mo pè ní ilẹ̀:
márùn-ún lókè ilẹ̀, márùn-ún nísàlẹ̀,
torí ohùn èèyàn a máa gòkè, a máa sọ̀kalẹ̀,
ẹni tó bá fún un lókè nìkan
ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì.

Ṣùgbọ́n pílì tuntun a máa le jù,
bó bá pẹ́, a rọ̀ bí ewé tó rí iná.
Ó di dandan ká wá oníbodè,
ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Nínú agolo mílíìkì tí mo ń kó àlòkù sí
mo rí àwọn àgbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
irin gbàǹgbà lẹ́yìn wọn.
Wọ́n lè ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n.
Mo fi mítà wò ó:
ẹ̀rọ etí ń mu ọ̀kan,
oníbodè méjèèjì ń mu mẹ́wàá.
Ìlú ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ, oníbodè ti yó!
Nígbà tí pílì já sí mẹ́fà àtààbọ̀,
wọ́n ní kò tó àwọn, wọ́n jókòó.

Àwa ọmọ Kétu mọ ohun tí bodè ń jẹ́.
Àkàbà Ìdẹ́nà dúró níbẹ̀ yẹn,
kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀sán.

Rísíkátù ọmọṣẹ́ mi rò pé ìbejì ni wọ́n,
ó de ti ìsàlẹ̀ bó ṣe de ti òkè.
Aṣọ lásán ni wọ́n fi jọra:
ẹsẹ̀ tó jẹ́ ẹnu lára ọ̀kan,
ilẹ̀ ló jẹ́ lára èkejì.
Èéfín díẹ̀. Òórùn bí irun tó jó.
N ò bá a wí. Mẹ́rin lèmi jó ní Ṣábẹ̀
lọ́dún tí mo kọ́ṣẹ́.

Mo fún Bíálà onítaksí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà:
kó wá àwọn kékeré wá, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ,
tí wọ́n ń mu bí ẹyẹ ṣe ń mu omi,
tí pílì á fi rọ̀ dé márùn-ún ó lé díẹ̀
kí wọ́n tó sọ pé ó rẹ àwọn.
Ti òkè pọ̀ bí iyanrìn.
Ti ìsàlẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù ní ta ló ń béèrè rẹ̀?
Ẹyọ kan ló rí, ó ń jẹ díẹ̀ ju èkejì lọ.
Mo gbà á bẹ́ẹ̀.
Mo gbé agbè iná tíntìntín sí ẹsẹ̀ wọn
kí wọ́n má baà máa gbọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì la fi sí ìyá létí.
Ọdúnlámì ń pariwo, "Ìyá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"
Ìyá fọwọ́ sọ fún un kó dákẹ́.
Ó yíjú sí ojú ọ̀nà.
"Ta ló ń gbálẹ̀ lágbolé kejì yẹn?" ni ó wí.
"Ọwọ̀ rẹ̀ ti gbó."