Ẹni Tó Ń Yẹ Kòkó Wò

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ti irin bọ inú àpò kòkó
ní sítọ́ọ̀ Òkà, nílùú Oǹdó.
N ó fa irin yọ, n ó da hóró sí àtẹ́lẹwọ́,
n ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì.
Èyí tó ń dán lóde lè ti bu nínú.
Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn oníkòkó nìyẹn:
"Èèpo kì í sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká la inú."
Kò sẹ́ni tó là mí wò rí.

Sátidé tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ìmọ́tótó tán,
àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà dé.
Wọ́n tẹ́ tábìlì mẹ́ta sábẹ́ páànù sítọ́ọ̀ tí mo ti fẹ̀yìn tì,
aṣọ funfun tuntun, ojú áyọ́ọ̀nù ṣì hàn lápá rẹ̀.
Ọ̀kan ń kígbe: "Ọ̀fẹ́ ni! Ẹ wá wo ìfúnpá yín!"
Bàbá Dísù ní ọ̀fẹ́ kì í dé láì sí ìbò lẹ́yìn rẹ̀,
ó kọjá lọ.
Èmi jókòó torí àga. Orúnkún ń dùn mí.

Fẹ̀hìntọlá ni wọ́n kọ sáyà ọmọ náà.
Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀.
Èmi náà gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi,
mo ti irin bọ ẹsẹ̀ ara mi.
"Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má di ìkúùkù."
Ó wé aṣọ dúdú mọ́ mi lápá, ó ń tẹ rọ́bà,
aṣọ ń wú, ó di mí mú
bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.
Ó wá ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
ó tẹ́tí sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ mi
bí ẹni ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì.

Kò pariwo. Ó tún un wọ̀n.
Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn náà wọ̀n ọ́n.
Wọ́n kọ ọ́ sí káàdì: lókè, méjìdínlọ́gọ́sàn-án,
nísàlẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.
Mo ní, "Orí kò kúkú fọ́ mi."
Ó ní, "Bàbá, kì í kanlẹ̀kùn."

Kì í kanlẹ̀kùn.
Akínmúrelé tó ń gbé àpò kòkó lérí bí ẹni gbé fìlà,
tó ṣubú nídìí òṣùwọ̀n lọ́sàn-án gangan,
tí ẹnu rẹ̀ yí sápá òsì,
ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a ti ń gbẹ́lẹ̀.
A ní ayé ni. A ní kò lè ṣàìlọ́wọ́ ẹnìkan nínú.
A wòtún, a wòsì, ojú wa bọ́ sára Morádéyọ̀, ìyàwó rẹ̀:
ọbẹ̀ ta ló jẹ kẹ́yìn?
Ó sunkún títí, ó dẹrù sínú báàgì kan,
ó pọn ọmọ, ó gba Àkúrẹ́ lọ.
Mo wà níbẹ̀.
Èmi tí mo mọ̀ pé èèpo kì í sọ̀rọ̀,
mi ò ní ká la ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọmọ náà ní kí n dín iyọ̀ kù,
kí n dé ọsibítù lọ́jọ́ Ajé,
kí n má pa oògùn tì nítorí pé ara le.
Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ fún òun.
Mo tún un sọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Káàdì náà wà nínú àpò àyà mi.
Mo ti dé ọsibítù. Mo ti gbé oògùn mì.
Lọ́la, mọ́tò Àkúrẹ́.
Wọ́n ní ẹ̀yìn Ọjà Ọba ló wà, pé aṣọ ló ń rán,
pé ọmọ yẹn ti ga jù mí lọ.
Mi ò mọ ohun tí n ó sọ.
Bóyá káàdì yìí ni n ó nà sí i.
N ó kanlẹ̀kùn ná.