Tíúbù Láyíwọlá

Fọkanáísà ni mí. Ẹ̀bá omi Ẹlẹ́yẹlé ni àtíbàbà mi wà,
níbi tí ọkọ̀ típà ti ń kó yanrìn kọjá,
tí eruku wọn ń bọ́ sínú gààrí mi lọ́sàn-án.
Èmi kò mọ odò í wẹ̀.
Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ìyá mi ló máa ń wí bẹ́ẹ̀.
Ọ̀rọ̀ náà ni mo fi na Mojírádé, lẹ́ẹ̀mejì,
nígbà tí mo bá irun orí rẹ̀ ní tútù
tí ó ní òjò ni,
tí oòrùn sì ń ran ilẹ̀ gbẹ lójú àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Àlàmísì ni. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.
Orímisan ń bọ̀ láti apá Apẹ̀tẹ̀,
ará Ìlàjẹ tó máa ń fi omi wa ṣe yẹ̀yẹ́,
tó ní ọbẹ̀ inú àwo lásán ni lójú òun.
Sùbéérù wà pẹ̀lú rẹ̀, àti Bámigbóyè ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Kùkùté igi kan, tó ti rì kí wọ́n tó bí mi,
ló la ìdí ọkọ̀ wọn bí ẹní la obì.
A kò gbọ́ ariwo. Iná tọ́ọ̀ṣì la rí:
ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì,
ó wá ń wo òkè.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù wà lórí ilẹ̀,
káfíńtà ti yọ pákó ìdí rẹ̀.
Àwọn ènìyàn ń pe Ọlọ́run ní oríṣiríṣi orúkọ,
ẹnì kan ń fi fóònù yà á.
"Ojú oró ní í lékè omi," ni ìyá oníṣu ń wí,
"òṣíbàtà ní í lékè odò."
Ojú oró sì kún odò lóòótọ́,
ó yí àwọn mẹ́ta náà ká, kò jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Mo wo inú àtíbàbà. Tíúbù mẹ́ta.
Méjì ń jò. Ẹ̀kẹta, ti típà Láyíwọlá,
àlẹ̀mọ́ mẹ́jọ ni mo ti lẹ̀ mọ́ ọn,
mo sì mọ èyí tí mo fi ìkánjú lẹ̀ nínú wọn.
Mojírádé kò bi mí léèrè. Ó ti bọ́ bàtà.
Mo fẹ́ tíúbù náà títí ó fi le bí ikùn aboyún,
mo so okùn mọ́ ìbàdí ọmọ mi.
Ọwọ́ tó mú pàṣán náà ló ta kókó yẹn,
ó sì ń gbọ̀n.

Ó wọ inú omi bí ẹni tó wọ ilé ìyá rẹ̀.
Ìgbà yẹn ni mo mọ̀
pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Okùn ń yọ́ lọ lọ́wọ́ mi. Mo ń ka àlẹ̀mọ́:
ti ojú ìṣó, ti ẹ̀gbẹ́ fáàfù,
ti ọjọ́ tí ebi ń pa mí tí n kò dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ.
Orímisan kò fẹ́ fi àwọ̀n sílẹ̀.
"Gbèsè ni! Gbèsè ni mo fi rà á!"
Ohùn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dáhùn nínú òkùnkùn:
"Bí ẹ bá rì, ta ni yóò san án?"
Kẹ́kẹ́ pa.
Lẹ́yìn náà okùn fà mí lẹ́ẹ̀mẹta,
àmì tí a kò bá ara wa dá.
Gbogbo etí odò dì í mú,
oníṣu, awakọ̀, ẹni tó ń fi fóònù yà á.

Ọkùnrin mẹ́ta jáde, àti ẹnì kẹrin, irun rẹ̀ tutù.
Sùbéérù bi omi, ó bi ẹ̀bà.
Bámigbóyè ń rẹ́rìn-ín, kò lè dáwọ́ dúró.
Orímisan jókòó sílẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì ká kò
bí ẹni tó di nǹkan mú.
Mo bi ọmọ mi, "Ṣé òjò ni?"
Ó ní, "Òjò ni, Bàbá."

Ní àárọ̀ Láyíwọlá dé, ó ń bèèrè tíúbù rẹ̀.
Ó rí ewé ojú oró kan tó rọ̀ mọ́ fáàfù.
Ó ní, "Kí lèyí?"
Mo ní àlẹ̀mọ́ kẹsàn-án ni,
n kò sì gba owó.
Ó gbé yanrìn rẹ̀, ó gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ.