Àgbàdo Ẹ̀bá Òkìtì Yanrìn

Tanko wo balùwẹ̀ wa yíká, ó fìka kan ògiri,
ó ní, "Ọ̀gá, sati uku, shi ke nan."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó parí.
Èmi tí mo ń kọ ètò iṣẹ́ fún ìjọba ní Sẹkitéríàtì,
tí mo mọ bí títì oṣù mẹ́fà ṣe ń di ọdún mẹ́rin,
èmi náà gbà á gbọ́.
Mo fi rúlà fa ìlà sórí pépà:
ọ̀sẹ̀ kìíní, wíwó; ìkejì, páìpù;
ìkẹta, táìsì, ọ̀dà, ilẹ̀kùn, ó dàbọ̀.
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì.

Ìyá mi ló ń bọ̀ láti Ìkìrun.
Orúnkún rẹ̀ ò gbà á láti gun etí báàfù mọ́.
Ohun tí à ń ṣe ò ju bẹ́ẹ̀ lọ:
ká yọ báàfù, ká tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ọjọ́ kan péré la fi wó o. Wíwó kì í purọ́.
Lọ́jọ́ kejì la bá páìpù kan lábẹ́ ilẹ̀,
ó ti dógùn-ún, ó rọ̀ bíi bisikíìtì inú tíì.
Tanko kúnlẹ̀ tì í bí ẹni tó bẹ aláìsàn wò.
Páìpù yìí ò sí nínú ìlà tí mo fà.

Ààwẹ̀ dé.
Ta ló máa ní kí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ
fọ́ kọnkéré lọ́sàn-án Kubwa?
Ààwẹ̀ tán, ọdún dé; ọdún lọ,
Kójó atẹ́táìsì lọ sin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Tógò.
Ọjọ́ mẹ́rin ló dá. Òkú ọ̀hún jẹ ọjọ́ mẹ́tàlélógún.
Mo lọ ra táìsì kún táìsì ní Dẹ́ì-Dẹ́ì,
páálí kan náà, àwọ̀ kan náà,
owó nìkan ló ti pààrọ̀ aṣọ.

Màámi dé, balùwẹ̀ ò nílẹ̀.
Ilé Màmá Nanret ló ti ń lọ wẹ̀, táwẹ̀lì léjìká,
ó ń kí gbogbo àdúgbò,
títí ó fi mọ orúkọ ju èmi tí mo ti gbébẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá.
Ó wo òkìtì yanrìn iwájú ilé, ó wo ojú ọ̀run,
ó tú etí ìró, ó mú ẹyọ àgbàdo méje, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀.
Mo ní, "Màámi, a máa kó yanrìn yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."
Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Àgbàdo ga dé kókósẹ̀, páìpù dé.
Ó ga dé orúnkún, Kójó dé.
Ó ga ju Tanko lọ, ó gbọ́mọ pọ̀n,
káfíńtà ṣì ń sọ lórí fóònù pé òun wà lójú ọ̀nà.
A sè é, a jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú Tanko, lórí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù.
Ilẹ̀kùn ò dé.

Ibẹ̀ ni mo ti bi í:
"Ọdún mélòó ni Bàbá fi kọ́ ilé Ìkìrun?"
Ó ń fi èékánná yọ èèpo àgbàdo láàárín eyín.
"Mọ́kànlá. Yàrá tí kò ní páànù la bí ọ sí.
Bójò bá ṣú, a ó gbé ọ sábẹ́ tábìlì.
Ta ló sọ fún ọ pé ilé máa ń parí?"

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún ilé ṣe,
bí wọ́n bá pe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ka oṣù mẹ́ta.
Ẹ fi oṣù kan kún un fún òkú tí ẹ ò mọ̀,
òmíràn fún ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.
Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ fìríìjì.

Ilẹ̀kùn dé lóṣù kẹjọ, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Màámi wọlé, ó ti bóòtì, ó jókòó sórí àpótí.
Mo gbọ́ omi. Mo dúró síta bí ẹni tó gbẹ̀bùn.
Nígbà tó yá, ó ké láti inú:
"Omi yìí ò lọ síbi ihò o. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀."
Omi ọṣẹ yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn tuntun,
ó rọra kọjá lẹ́sẹ̀ mi.

Mo pe Tanko. Ó ní ọjọ́ méjì péré.
Màámi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn.