Má Tẹ́ Káró sí Yàrá Mi

Agogo mẹ́fà àárọ̀, oṣù ṣẹ́rẹ́, ní Kétu.
Ọyẹ́ ti fi ẹfun kun ewé máńgòrò,
ojú ọ̀nà Ìlárá sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.
Mo ń po sìmẹ́ńtì, omi garawa ń gé mi lọ́wọ́,
fóònù dún nínú àpò ṣòkòtò mi.
Ohùn ẹ̀gbọ́n mi Ràímì ni, láti Palẹ́mò,
ìlú tí wọ́n ní oòrùn ń gbé.

"Láníyì, má tẹ́ káró sí yàrá mi."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lura.
"Sìmẹ́ńtì lásán ni kí o fi dán ilẹ̀ náà.
Àbí ẹrẹ̀ pàápàá.
Ṣé o rántí ilẹ̀ yàrá Ìyá, tí a máa ń fi bọ́tọ pa?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ra káró,
páálí mẹ́rìnlélógún, láti Àjàṣẹ́,
aláwọ̀ ewé, tó ń dán bí ojú odò.
Owó rẹ̀ ni.
Owó tí kò fi tan iná.

Ó ní òkúta ni ilé tí òun ń gbé,
àjà rẹ̀ ga bíi ti mọ́ṣáláṣí,
ilẹ̀ rẹ̀ mábù, ẹwà tó ń bu ni lẹ́sẹ̀ jẹ.
Ó ní oòrùn wà níta, àwọn arúgbó ń yá a
bí aláǹgbá lórí ògiri,
inú ilé ni òtútù fi ṣe ààfin.
Bí òun bá fẹ́ kí ara òun yá, òun a jáde.
Mo ní, ẹ̀gbọ́n, àwa ń sá wọlé, ẹ̀yin ń sá jáde?

Ìyá onílé ní ilẹ̀ oòrùn ni tàwọn,
ta ni yóò kọ́lé de òtútù oṣù mẹ́ta?
Bẹ́ẹ̀, ìyá náà ń wọ kóòtù se ọbẹ̀.

Ó ra ààrò gáàsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
ó ń tì í kiri bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn,
láàárọ̀ lẹ́bàá àga, lálẹ́ lẹ́bàá ibùsùn.
Kò gbọdọ̀ sùn tì í, wọ́n ní ó máa ń pani lójú oorun.
Nítorí náà, omi gbígbóná nínú ike, láàárín itan,
ìbọ̀sẹ̀ méjì, fìlà onírun àgùntàn,
ó ká jọ bí akika.
Ilẹ̀ á mọ́, ògiri á ti làágùn,
á ti bu lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ilé làbọ̀ sinmi oko.
Ẹni tí ilé rẹ̀ tutù ju oko lọ,
níbo ni yóò fàbọ̀ sí?

Ìyá gbọ́ ọ, kò sọ̀rọ̀. Ó wọ yàrá,
ó tú àpótí, ó fa kíjìpá Bàbá yọ,
èyí tó wúwo bí ìbínú,
tó fi bò wá lọ́yẹ́ ọdún tí abà jó.
Ó bu òrí sínú agolo kékeré, ó dì í pinpin.
"Ọmọ Múfútáù ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí ó bá mi gbé e."
Ó rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà:
"Ṣé òtútù tibẹ̀ yẹn máa mọ kíjìpá?"
Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Mo bọ́ bàtà,
mo dúró lórí káró kan ṣoṣo.
Ó tutù. Mo dúró síbẹ̀
títí tó fi gba ooru díẹ̀ lára mi.

Mo kó àwọn páálí sí kọ̀rọ̀. Mi ò ní dá wọn padà:
ẹ jẹ́ kí ó dé lóṣù ẹrẹ́nà, kí ooru Kétu gbá a mú,
òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá wọn.
Ṣùgbọ́n fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn,
mo ti fi ìbú ọwọ́ méjì kún un.
Mi ò tíì sọ fún un.