Agbèrò

Iṣẹ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn tó ń kígbe ní gáréèjì Kútọ̀.
Àwọn ń kó èrò sínú ọkọ̀,
èmi ń kó èrò sínú kọ̀ǹpútà,
nínú yàrá kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó
níbi tí fáànù ń yí bí ẹni tí wọn kò sanwó oṣù fún.

Ẹgbẹ́ Alátùpà ló fi ránṣẹ́ sórí gbogbo fóònù:
"Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ sọ tinú yín. Etí wa ń bẹ nílẹ̀."
Wọ́n fi nọ́ńbà kan sí i.
Nọ́ńbà náà, ọwọ́ mi ló wà.

Ọjọ́ kìíní, igba èèyàn.
Ọjọ́ kejì, mo jáwọ́ nínú kíkà wọn níye.

Ẹnìkan ní Adátán ní ká wá wo òpó iná
tó dùbúlẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù òun láti ọdún Àjíǹde.
Aránṣọ kan ní Láfẹnwá sọ̀rọ̀ sínú fóònù,
ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀,
"Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni pé..."
ni rélùwéè bá ń kọjá.
Mo tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹrin.
Ọkọ̀ ojú irin nìkan ló mọ ìyókù.

Ọmọdékùnrin kan ń bẹ̀bẹ̀ fún pápá bọ́ọ̀lù tí kò ní àpáta.
Ní Abẹ́òkúta! Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọ̀pọ̀ ló bú wa.
Mo kọ èébú náà sílẹ̀:
ẹni tó ṣì ń búni kò tíì kọni sílẹ̀.

Bàbá Ṣógbèsàn sì wà ní Ìkìjà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
aago márùn-ún ìdájọ́mọ́ ni tirẹ̀ máa ń wọlé,
àmì ohùn pé, kọ́mà pé:
"Pákó afárá odò wa ti jẹrà, ẹyọ mẹ́ta ló kù."
Lọ́jọ́ kẹrin: "Méjì."
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò dárúkọ pákó rárá:
"Ṣé ènìyàn ń ka èyí?"

Ọ̀gá wọlé, agbádá ń rùn bíi dísù jẹnẹrétọ̀.
"Ìbíyẹmí, gé e kúrú. Kókó márùn-ún.
Alága kì í kà ju ojú ìwé kan lọ."
Báwo lèèyàn ṣe ń di òpó iná mọ́ ọmọ tó ń sunkún
mọ́ pákó méjì?
Mo dì í. Owó oṣù ni.
Mo kọ "ìdàgbàsókè ohun amáyédẹrùn",
pákó bọ́ sínú rẹ̀, ó rì.

Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n já páálí mẹ́wàá sílẹ̀ láti ilé ìtẹ̀wé:
ìwé ètò ẹgbẹ́, ó ń dán, tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán.
Lẹ́yìn rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, ni ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wà,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí a ní kí aráàlú sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ ti gbéra.
Èmi ṣì ń han ní gáréèjì:
Ó ku ẹnìkan! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!

N kò sọ nǹkan kan.
Mo fi páálí kan ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé.

Lálẹ́, tí òkùnkùn ti bo gbogbo òrùlé onípẹtà ìsàlẹ̀,
mo wá ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣógbèsàn kàn, mo yára tẹ̀ ẹ́ lésì:
"Baba, eniyan n ka a. Ibiyemi ni oruko mi.
N ko ni pako."

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, fóònù tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi.
"O ṣeun, ọmọ mi. Ọ̀kan ló kù.
Ṣùgbọ́n o kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ, kò yé mi:
ṣé wọ́n ń kà á ni, àbí wọ́n ń ká a?"