Ó Jí Ṣáájú Ọwọ́ Rẹ̀

Ní Fraserburgh, létí òkun tútù,
aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọ̀bẹ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Rhona Strachan a ti jí láti aago mẹ́ta.
Kì í ṣe àdúrà ló jí i, kì í ṣe ọmọ:
ọwọ́ ló ń dúró dè.
Ó jí ṣáájú ọwọ́ rẹ̀, bí ìyá tí í jí
ṣáájú ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé-ìwé,
ó jókòó ti abọ́ omi gbígbóná,
ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:
àtàǹpàkò, dìde. Ìfábẹ̀lá, ilẹ̀ ti mọ́.
Ọmọńdinrín ló ń kẹ́yìn.

Èmi ni mo dúró lápá òsì rẹ̀ nídìí tábìlì,
ọdún mọ́kànlá, èmi àti òun, ẹja láàárín wa.
Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń tì mí lójú:
ọ̀lẹ ni mo pè é.
Lọ́jọ́ Ajé a la ẹja bí ẹni ń ṣí ìwé,
eegun a yọ, ẹran a tẹ́ sílẹ̀ funfun.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a rọra mú ọ̀bẹ bí ẹni ń jalè,
bẹ́líìtì ń lọ, ẹja tirẹ̀ ń wá bá mi.
Mo ní, "Àìsàn wo ló ń mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"
Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ojú rẹ̀ ń dán. Kò sí báńdéèjì, kò sí ọ̀pá.
Bí ẹsẹ̀ bá kán, tolórí tẹlẹ́mù ní í kí ni pẹ̀lẹ́;
ta ní í kí oríkèé tó ń jó nínú ibọ̀wọ́?

Àwọn àgbà ibẹ̀ ní làkúrègbé ni, òtútù òkun ni.
Dókítà ní Aberdeen ní rárá:
àwọn ọdẹ tí ara gbà kí wọ́n máa ṣọ́ ilé
ló kọjú ìbọn sí onílé.
Ẹni ọdún méjìdínlógójì.
Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.
Ẹni tó pa òwe yìí kò dé ìdí tábìlì wa.

Lóṣù Èrèlé, mo gbàgbé fìlà, mo padà
sí yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ.
Rhona wà níwájú àpótí rẹ̀,
ó fi eyín di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń yí orí.
Orí ń yí, kọ́kọ́rọ́ ń yí.
Ó rí mi. Kò yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu.
Èmi náà kò mọ ohun tí ẹnu tèmi wà fún.

Duthie, ọ̀gá wa, kì í ṣe ìkà. Ó ka ìwé dókítà lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní kí ó bọ́ sídìí òṣùwọ̀n, kí ó máa lẹ bébà mọ́ páálí.
Owó ibẹ̀ kò tó ti ọ̀bẹ.
Ọ̀bẹ rẹ̀, tí ó ti pọ́n títí tó fi tín-ín-rín bí ewé,
ó wé e sínú aṣọ ìnuwọ́, ó gbé e lọ sílé.
N kò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Abẹ́rẹ́ wà, ní itan, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.
Bó bá di Àbámẹ́ta, èébì.
Ó ní ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀.
Ó ní, "Má sọ fún Duthie pé àárọ̀ òní le,
ọjọ́ àìsàn méjì péré ló kù fún mi lọ́dún yìí."
Oṣù Ẹ̀bìbí la wà.

Ní aago mẹ́wàá a jókòó, òjò ń na fèrèsé.
Mo ṣí fúláàsì tèmi. Nígbà tó yíjú,
mo dẹ ọmọrí tirẹ̀ díẹ̀,
mo dá a padà bó ṣe wà.
Ó gbé e, ó fi ìka méjì yí i, ó ṣí.
"Wò ó," ó ní, "òní dára."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní òní dára gan-an.