Ẹ̀wà Ẹgbẹ̀rún

Ní Paterson, aago mọ́kànlá òru,
ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rìnlélógún ń pòòyì,
Màmá mi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí a dojú rẹ̀ dé.
Ó ní, "Maritza, bi mí."

Mo fa káàdì yọ nínú páálí bàtà.
Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ohun tí mò ń kà kò yé mi,
mo kàn mọ ibi tí ahọ́n ti ń kọsẹ̀ ni.

Sẹ́ẹ̀lì tó kú, tó wá dà bíi wàràkàṣì?
"Ikọ́ ife."
Ojú òwìwí nínú sẹ́ẹ̀lì?
Ó dákẹ́. Ó ká aṣọ ibùsùn ilé ìtura kan
sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ.
"Mo mọ̀ ọ́n. Dúró ná. Mo mọ̀ ọ́n.
Kòkòrò ni, kì í ṣe ẹyẹ."
Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀dọ̀ tó rí kàlákìnní bí nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí a là?
"Ọkàn ló rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń san gbèsè rẹ̀."
Ohun tó wà lẹ́yìn káàdì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ,
ṣùgbọ́n mo fún un ní máàkì.

Ní Ayacucho, ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbẹ̀bí
lórí òkè tí mọ́tò kò dé.
Níhìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Mozammel tó ni ṣọ́ọ̀bù nìkan
ló ń pè é ní Dókítà,
lẹ́yìn náà á na orúnkún tó ń dùn ún sí i.

Ìṣirò ni kì í wọ̀ ọ́ létí.
Èmi ni mo wá bí yóò ṣe rántí:
àṣìṣe àkọ́kọ́, ajá gbó, olè ò sí;
àṣìṣe kejì, olè kó ilé tán, ajá ń hanrun.
Èmi tí n kò lájá rí.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Àwòrán ọyàn yín fi nǹkan hàn. Ẹ padà wá.
Ó fi í sábẹ́ agolo iyọ̀, kò sọ fún mi.
Mo kà á. Ìwé kíkà ṣáà ni iṣẹ́ mi nílé yìí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó da ẹ̀wà funfun sórí tábìlì.
"Ka ẹgbẹ̀rún."
Omi tíì hó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kà á tán.
"Ẹgbẹ̀rún obìnrin nìyí. Mẹ́wàá ló ní jẹjẹrẹ."
Mo fi ọ̀dà èékánná kun mẹ́wàá ní pupa.
"Àyẹ̀wò á mú mẹ́sàn-án, ẹyọ kan á yọ́ lọ.
Nínú ẹgbẹ̀rún dín mẹ́wàá tára wọn le,
á purọ́ mọ́ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún."
Ó fi ọwọ́ gbá wọn jọ, pupa àti funfun.
"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló gba lẹ́tà.
Mẹ́sàn-án péré ló ń ṣàìsàn."

Mo wo ẹ̀yìn káàdì. Ó gbà á.
Ó gbà á pátápátá, ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti oṣù mẹ́ta.
Mo ní, "Èwo ni ìwọ nínú wọn?"
Ó ń fi ìka yí ẹ̀wà kan síwá, sẹ́yìn.
"Káàdì ò mọ ìyẹn."

A se èyí tó funfun. Ó jẹ ún, èmi ò lè jẹ ún.
Mo kó mẹ́wàá yòókù sínú páálí bàtà.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí bọ́ọ̀sì tó dé, mo tún wọn kà:
mẹ́sàn-án.
Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo inú bàtà mi,
mo fa agolo iyọ̀ kúrò lógiri.
Màmá ti de síkáàfù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
òtútù ń wọlé tọ̀ wá.
"Bi mí," ó ní.
"Bi mí ní ohunkóhun."